Àwọ̀ Pupa Inú Kóòtù Turan

Igbe ni Turan ké wọ ṣọ́ọ̀bù Sohrab télọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fojú kan ara wọn. Yìnyín ń bọ́ ní Hamadan, ìlú wa ní Iran, láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ti dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n inú tó ń bí i kò jẹ́ kó mọ òtútù lára.

"Ọ̀gá, kí lẹ rán sínú kóòtù mi yìí?"

Sohrab yọ jígí ojú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ arúgbó, tó máa ń jókòó ti sítóòfù tó ń rán bọ́tìnnì, ló gba kóòtù náà lọ́wọ́ obìnrin yìí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Òun alára kò rí ẹni tó ni ín rí.

"Inú rẹ̀ ló ya, ẹ ní ká pààrọ̀ rẹ̀. Mo sì ti pààrọ̀ rẹ̀."

"Dúdú ló wà níbẹ̀! Èwo ni ti pupa bí ata rodo yìí? Ṣé ẹ fẹ́ kí ayé fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni?"

"Ayé wo? Ìta rẹ̀ ṣì dúdú bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ ẹ. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ ohun tó wà nínú. Ẹ kàn wọ̀ ọ́ wò. Tí ò bá gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, màá tú u."

"Àwọ̀ máa ń gbóná ni?"

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ ò tíì gbọ̀n látìgbà tẹ́ ẹ ti gbé e dání?"

Turan lanu láti fún un lésì, ẹ̀rín ló fẹ́ jáde. Ó yára fọwọ́ bo ẹnu. Ó wọ kóòtù náà lọ sílé, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé torí yìnyín ni.

Ó ti lé díẹ̀ lẹ́ni ọgọ́ta ọdún. Láti ìgbà tí Kazem ọkọ rẹ̀ ti kú, dúdú ni ìborí, dúdú ni ìbọ̀sẹ̀, dúdú ni ìbọ̀wọ́, agbòjò pàápàá dúdú. Bó bá sá aṣọ sórí okùn, ẹni tó ń bọ̀ lókèèrè á rò pé kannakánná ló bà síbẹ̀.

Kì í kúkú ṣe pé ó fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ opó kì í dédé jí lọ́dọ̀ wa kó gbé aṣọ aláwọ̀ wọ̀. Àgbà ilé ọkọ ló ń gbé e wá kí ọdún tuntun tó wọlé, yóò fi lé e léjìká, yóò ní ó tó gẹ́ẹ́. Obìnrin tó bá dá a bọ́ fúnra rẹ̀, àdúgbò á ní kò fẹ́ràn ọkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Àgbà ilé ọkọ Turan ni Àlájà Eshrat, ẹ̀gbọ́n Kazem. Ọdọọdún ni Turan ń fọ ilé, tó ń se oúnjẹ, tó ń retí rẹ̀. Ọdọọdún ni Àlájà sì ń wá, á mu tíì, á jẹ bisikíìtì, á bú aládùúgbò méjì mẹ́ta, á lọ. Aṣọ ńkọ́? Ẹnu nìkan ló máa ń mú dání wá.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bọ́tìnnì kóòtù Turan já. Sísọ́ọ̀sì ló já a o, ọwọ́ Turan ló sì di sísọ́ọ̀sì náà mú, ṣùgbọ́n kò sọ ìyẹn fún Sohrab.

Sohrab rán bọ́tìnnì náà, ó sì fi òwú aláwọ̀ ọsàn rán abẹ́ kọ́là níbi tí ojú kò tó. Nígbà tí ìbọ̀wọ́ ya, ó fi irun àgùntàn aláwọ̀ ìyeyè tẹ́ inú rẹ̀. Kò pẹ́ tí obìnrin náà fi di ẹni tó dúdú níta, tó ń tàn bí ọjà ọdún nínú.

"Ojú tó bá ti dàgbà," Sohrab á wí bó ti ń bu tíì fún un, "dúdú máa ń fà á wálẹ̀ ni. Ẹ sún nǹkan tó gbóná mọ́ ọn. Àwọ̀ oyin. Pupa bíríkì. Kékeré lẹ fi ń bẹ̀rẹ̀."

"Ojú ta ló dàgbà?"

"Tèmi ni mò ń wí, ìyáàfin."

Inú Turan máa ń dùn débi pé á gbàgbé láti gba bọ́tìnnì tó tìtorí rẹ̀ wá. Ó fẹ́ràn ọkùnrin yìí, kò sì purọ́ fún ara rẹ̀ mọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Sohrab gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. "Turan, ọ̀wọ́n mi, mo fẹ́ fẹ́ yín."

"Nínú aṣọ dúdú yìí?"

"Ìlàjì rẹ̀ ti pupa tán."

Turan rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ rọ. "Mi ò lè fi aṣọ ọ̀fọ̀ ọkọ kan wọlé ọkọ mìíràn. Ọwọ́ Àlájà ló wà."

"Ẹ lọ bá a sọ ọ́."

"Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí."

Sohrab tún bu tíì sínú ife rẹ̀. "Ọmọ mi ní Shiraz ní kí èmi àti màmá kó wá sọ́dọ̀ òun tí ọdún tuntun bá ti wọlé. Òtútù ibí ti pọ̀ jù fún màmá. Bẹ́ ẹ bá ní kí n dúró, màá dúró. Bẹ́ ò bá lè wí bẹ́ẹ̀, màá lọ."

Turan sunkún délé. Ọdún tuntun kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ mọ́.

Ibi tí kò fọkàn sí ni àṣírí ti tú. Àwọn obìnrin pé jọ sílé Àlájà láti sunkún àwọn òkú ìdílé. Ilé gbóná, wọ́n bọ́ kóòtù. Àlájà fúnra rẹ̀ ló ń kó wọn kọ́. Nígbà tó kan ti Turan, ó já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, inú rẹ̀ yí síta, pupa náà sì tàn yàà láàárín òkìtì dúdú.

Ẹkún dá. Obìnrin tó ń ka àdúrà kò mọ ibi tó kà dé mọ́.

"Ta ló ni iná yìí?" Àlájà béèrè.

"Èmi ni, Àǹtí," Turan dáhùn, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹfọn lọ.

"Ta ló rán an?"

Kò tíì dárúkọ Sohrab tán tí Àlájà ti ká kóòtù náà sábíyá, tó ti bọ́ sóde. Turan sá tẹ̀ lé e dé ṣọ́ọ̀bù láìwọ kóòtù, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn.

"Ìwọ télọ̀!" Àlájà ju kóòtù náà sórí tábìlì. "Ìwọ lo ń fi pupa tan ìyàwó àbúrò mi jẹ!"

"Ẹ káàbọ̀, Àlájà. Ẹ̀tàn kọ́ o. Mo fẹ́ fẹ́ ẹ ni."

"O fẹ́ fẹ́ aláṣọ ọ̀fọ̀?"

"Ẹ bọ́ ọ fún un nígbà náà. Ọdún keje rèé. Kí ló dé tẹ́ ò gbé aṣọ wá?"

Turan dí etí, ó ń retí àrá. Àrá kò sán. Àlájà jókòó sórí òkìtì aṣọ.

"Ẹni tó bá ní òun máa dáṣọ fún ọ, ṣebí ti ọrùn rẹ̀ lo máa kọ́kọ́ wò? Ẹ wo ti ọrùn mi! Ọkọ mi ti kú kí Kazem tó kú. Ta ló bọ́ tèmi? Èmi làgbà. Gbogbo ẹni tó yẹ kó gbé aṣọ wá fún mi ló ti wà ní ibojì. Báwo ni mo ṣe fẹ́ fi dúdú bọ́ dúdú?"

Àánú rẹ̀ ṣe Turan. Láti ọjọ́ yìí wá, ó ti rò pé ìkórìíra ni. "Àǹtí mi, kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"Kí n sọ fún ọmọdé?"

"Ọmọ ọdún mélòó ni ìwọ alára?" Ohùn kan jáde láti ìdí sítóòfù. Ìyá Sohrab ni, ẹni tí gbogbo ayé rò pé kì í gbọ́ràn mọ́.

Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi Àlájà ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. "Méjìdínlọ́gọ́rin, mà."

"Èmi ti lé ní àádọ́rùn-ún. Sohrab, gbé aṣọ wá."

"Ẹ má bínú, Ìyá. Ẹ kì í ṣe ẹbí mi. Ẹbí ló ń ṣe é."

"Tí ọmọ mi bá fẹ́ Turan ńkọ́?"

"Ẹ di àna mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò lè fẹ́ ẹ àfi tí mo bá bọ́ tirẹ̀, mi ò lè bọ́ tirẹ̀ àfi tẹ́ ẹ bá bọ́ tèmi, ẹ ò sì lè bọ́ tèmi àfi tó bá fẹ́ ẹ!"

Sohrab káwọ́ lérí. Ìyá rẹ̀ fi eyín tó kù lẹ́nu rẹ̀ já òwú.

"Ọ̀rọ̀ ẹnu ló ń sọni di àna, ọmọ yìí. Ṣé o fún wa ní Turan, àbí o ò fún wa?"

Àlájà wo Turan. Ó wo Sohrab. Lẹ́yìn náà ó wo ìborùn aláwọ̀ oyin kan lókè pẹpẹ, èyí tó ti ń yọjú wò látìgbà tó ti wọlé.

"Mo fún yín," ó ní. "Ṣùgbọ́n èyí tó wà lókè yẹn ni mo fẹ́. Ẹ má fún mi ní pupa, èmi kì í ṣe ọmọge."

Ìyá Sohrab fi ìborùn náà lé e léjìká. "Ó tó gẹ́ẹ́, ọmọ mi." Ọ̀rọ̀ "ọmọ mi" yẹn ló mú Àlájà bú sẹ́kún.

Nígbà tó nu ojú tán, ó mú ìborùn pupa kan lórí pẹpẹ náà, ó we é mọ́ Turan lọ́rùn. "O ti sunkún àbúrò mi tó. Mo mọ̀ pé ó ti gbọ́. Ó tó gẹ́ẹ́, Turan."

Wọ́n dì mọ́ra wọn, wọ́n sunkún. Sohrab náà sunkún, sínú aṣọ oníbàárà.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọdún tuntun ni wọ́n so yìgì nílé Àlájà. Àlájà ti gba ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ìborùn oyin, ìbọ̀wọ́ aláwọ̀ ọsàn àti ìbọ̀sẹ̀ aláràbarà, bí ẹni pé òun ni ìyàwó. Ọkọ ìyàwó pẹ́ kó tó dé. Gbogbo àlejò ló rán aṣọ fún títí di àárọ̀ ọjọ́ náà, kò sì rántí ara rẹ̀. Kóòtù tó máa ń wọ̀ lọ síbi ìsìnkú ló wọ̀ wá.

"Níbo lò ń lọ?" Àlájà na ọwọ́ dí i lọ́nà.

"Ibi ìgbéyàwó mi, Àlájà."

"Nínú kí ni? Dúdú kì í wọlé yìí lónìí!"

Alùfáà tó ti jókòó nínú ilé wo agbádá dúdú ara rẹ̀, ó yára ká etí rẹ̀ sábẹ́ ìdí.

Turan dìde láàárín àwọn obìnrin, ó ń rẹ́rìn-ín débi tó fi ń sunkún. Ó tú ìborùn pupa kúrò lọ́rùn ara rẹ̀, ó we é mọ́ ti Sohrab, ó sì fọwọ́ tẹ́ etí rẹ̀ sínú kóòtù bí ìyá ṣe ń ṣe é fún ọmọ kékeré.

"Wọlé wá, olówó orí mi," ó ní, "kí òtútù má baà pa ọ́."

Àlájà yẹ̀ kúrò lọ́nà.