Iná Tí Mo Ní Kí Wọ́n Pa Kí Àbúrò Mi Tó Gba Kọ́kọ́rọ́

Ní ọjọ́ tí ìròyìn náà dé, mo wà ní ọ́fíìsì, mo ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán. Nọ́ńbà àbúrò mi, Bíọ́dún, ló pè, ṣùgbọ́n ohùn ẹlòmíràn ni mo gbọ́. Ọkùnrin náà bi mí ní èdè Ìgbò bóyá èmi ni ẹ̀gbọ́n ẹni tó ni fóònù. Mo ní èmi ni. Ó wá ní, "Ndo." Ẹni tó bá ti pẹ́ ní Onitsha mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń bá ènìyàn kẹ́dùn nìyẹn. Mo fi ìdérí dé abọ́ oúnjẹ mi, bí ẹni tí yóò padà wá jẹ ẹ́.

Ẹ̀rọ omi ni Bíọ́dún ń tún ṣe, ní àwọn abúlé etí odò tí ọ̀nà wọn máa ń di ẹrẹ̀ lásìkò òjò. Ó yá jíìpù mi lọ síbẹ̀. Òjò ká wọn mọ́ ojú ọ̀nà, ẹ̀yìn jíìpù rì sínú ẹrẹ̀, ẹni tí wọ́n jọ lọ sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ wá àwọn tí yóò bá wọn tì í. Bíọ́dún jókòó dè é nínú mọ́tò. Ó ti gbogbo gíláàsì nítorí òjò, ó sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ kí atẹ́gùn tútù lè máa fẹ́ sí i lára. Nígbà tí wọ́n fi dé, wọ́n rò pé ó sùn ni.

Wọ́n ní ọkàn rẹ̀ ló dá iṣẹ́ sílẹ̀. Kò sí ẹni tó yẹ òkú wò. Ní ọjọ́ kejì, a sin ín.

Nǹkan kan wà tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Jíìpù yìí ti darúgbó. Ọdún 2001 ni wọ́n ṣe é. Ó tó oṣù méjì tí iná kékeré tó ní àwòrán ẹ́ńjìnnì ti ń tàn níwájú awakọ̀. Bíọ́dún kò jẹ́ kí n simi. "Bọ̀ọ̀dá mi, Kérésìmesì tún ti dé nínú mọ́tò yín o." Níwájú àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ló ti ń sọ ọ́, gbogbo wọn a sì rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo ti ń fọ́nnu pé kò sóhun tó ń ṣe jíìpù mi, ojú tì mí.

Nígbà tó ní òun fẹ́ yá a, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan lẹ́bàá ọjà. Ó ki ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù, ìyẹn àmì tí mọ́tò fi ń sọ ohun tó ń ṣe é, bọ̀ ọ́, ó ní sẹ́ńsọ̀ kan, ohun kékeré tó ń ṣọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́, ló bàjẹ́, pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í tilẹ̀ dá irú rẹ̀ lóhùn. Mo ní kí ó sáà bá mi pa iná náà. N kò wo kóòdù, n kò sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, Bíọ́dún gba kọ́kọ́rọ́, ó tan mọ́tò, ó wo ibi tí iná náà máa ń tàn.

"Ẹ ti tún un ṣe?"

Mo ní, "Mo ti tún un ṣe."

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn ìsìnkú, Ọmọ́lábákẹ́, ìyàwó Bíọ́dún, wá bá mi nílé mi ní Fegge. Ó fẹ́ kó àwọn ọmọ wọn, Tìmí àti àbúrò rẹ̀, lọ sílé, ní Ìlá, kí ìyá wa lè fojú kan àwọn ọmọ. Ó bẹ̀ mí pé jíìpù náà ni kí n fi gbé wọn lọ, nítorí ibẹ̀ ni ọkọ òun jókòó sí kẹ́yìn. N kò mọ bí mo ṣe lè kọ̀ láìsọ ìdí. Mo gbà.

Ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Mo gbé mọ́tò náà, tí n kò tíì wà láti ọjọ́ ìsìnkú, lọ bá Síkírù, rewáyà tó ń tún iná mọ́tò ṣe, ọmọ Ìkirè tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Woliwo. Ó ki ẹ̀rọ rẹ̀ bọ̀ ọ́; kò rí kóòdù kankan, ó ní ó dà bí ẹni pé wọ́n ti nu gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ kúrò. Ó bi mí bóyá ẹnìkan ti pa iná mọ́tò náà láìpẹ́. Mo ní n kò mọ̀.

Ó wò mí, kò bá mi jiyàn. "Ọ̀gá Adélékè, tí wọ́n bá gé ahọ́n aláìsàn, báwo ló ṣe máa wí ibi tó ń dùn ún? Ẹ lọ máa wà á ná. Ẹ ṣí gíláàsì sílẹ̀. Tó bá ní ẹjọ́, á tún rò ó."

Ní ọjọ́ kẹta, iná tún tàn. Síkírù kọ kóòdù náà sára páálí: P0171. Ó ní ohun tó ń wí ni pé atẹ́gùn ti pọ̀ ju epo lọ nínú ohun tí ẹ́ńjìnnì ń jó. Mo bi í bóyá kí n ra sẹ́ńsọ̀ tuntun.

"Sẹ́ńsọ̀ ló ń ké olè," ó ní. "Ṣé ẹni tó ń ké lẹ fẹ́ mú ni?"

Ó ṣàlàyé fún mi pé kóòdù kì í dárúkọ ohun tí a ó pààrọ̀. Ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan ló ń tọ́ka sí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, ó tan án, ó ní kí n fetí sílẹ̀. Mo gbọ́ ọ: tẹ́, tẹ́, tẹ́. Páìpù tó ń gbé èéfín jáde ti sán nídìí ẹ́ńjìnnì, èédú dúdú sì yí ojú rẹ̀ ká. Ibẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà wọlé tó ń da sẹ́ńsọ̀ láàmú. Ibẹ̀ náà ni èéfín ń gbà jáde. Ó wá ká kápẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn àga awakọ̀ sókè. Ìpata ti jẹ ilẹ̀ mọ́tò, ihò rẹ̀ fẹ̀ tó ẹnu ife. Mo ń wo iyẹ̀pẹ̀ láti inú jíìpù mi.

"Èéfín ń gba ihò yìí wọlé. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ti gíláàsì jókòó sínú mọ́tò yìí," Síkírù wí. "Ohun tó ń pa ènìyàn nínú èéfín, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Orí á kọ́kọ́ máa fọ́ onítọ̀hún, oorun á gbé e lọ, ó parí."

Mo bi í bóyá ohun tó ṣe Bíọ́dún nìyẹn. Ó ní òun kì í ṣe dókítà. Ó mú àkísà, ó ń nu ọwọ́ rẹ̀, ó ń nù ún títí. Nígbà náà ni mo tó jẹ́wọ́ fún un pé èmi ni mo ní kí wọ́n pa iná náà.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo lọ bá Ìyá Tìmí. Ó ti ń di ẹrù ìrìnàjò. Mo sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Ó bi yín," ó ní.

"Ó bi mí."

"Ẹ sì ní ẹ ti tún un ṣe."

Ó ká ẹ̀wù Tìmí kan, ó tú u, ó tún un ká. Ó ní bí mo bá ti sọ nǹkan, ó ti parí lójú Bíọ́dún. Pé kò fi ẹni tí kò fẹ́ràn ṣe yẹ̀yẹ́ rí.

"Bọ̀ọ̀dá mi, n kò lè dárí jì yín lónìí," ó wí. "Ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́ fún àwọn tó ní mọ́tò. Ẹ má sì yọ ipa ti yín kúrò níbẹ̀."

Bọ́ọ̀sì ló kó àwọn ọmọ lọ sí Ìlá. Èmi náà sì ń sọ ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wa mọ́tò tó ti pẹ́, pàápàá èyí tó ń wọ igbó àti ẹrẹ̀, bí iná ẹ́ńjìnnì bá tàn, ẹ má kàn ní kí wọ́n pa á. Kí wọ́n ka kóòdù, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì wá ìdí rẹ̀ kí ẹ tó ra ohunkóhun. Bí iná náà bá ń ṣẹ́jú, tí ẹ́ńjìnnì sì ń gbọ̀n, ẹ rọra yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ ní kí wọ́n yẹ páìpù èéfín àti ilẹ̀ mọ́tò wò. Bí mọ́tò bá rì sínú ẹrẹ̀, ẹ má ti gíláàsì jókòó sínú rẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́. Kí òjò pa yín sàn ju kí èéfín pa yín. Bí orí bá ń fọ́ yín tàbí èébì ń gbé yín nínú mọ́tò, ẹ bọ́ síta, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ẹ bá sì fẹ́ yá ẹlòmíràn ní mọ́tò, ẹ sọ àìsàn rẹ̀ fún un. Ìtìjú ìṣẹ́jú kan nìyẹn. Mo mọ èyí tí kì í tán.

Ọjọ́ Sátidé tó kọjá ni ọjọ́ ìbí Bíọ́dún. Mo ra ẹ̀rọ kékeré kan tó ń ka kóòdù, mo kọ orúkọ rẹ̀ sí i lẹ́yìn, mo sì gbé e sórí tábìlì Síkírù, kí ẹnikẹ́ni tó bá nílò rẹ̀ lè lò ó lọ́fẹ̀ẹ́.