Ìgbín Elése Àlùkò

Ìgbà mẹ́ta ni Aríyàtọ̀ kọ ìgbín Mobọ́láńlé. Nígbà kẹrin, ó gbà á wọ́ọ́rọ́wọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ìgbà kẹta sí ìgbà kẹrin ni ìtàn yìí. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀, kó tètè rín in, nítorí ẹ̀rín ibẹ̀ kò pọ̀, kò sì pẹ́ tán.

Kòsáfẹ́fẹ́ ni orúkọ ìlú náà. Kò sí ní ilé ayé. Orí pílánẹ́ẹ̀tì pupa kan ló wà. Àwọn Yorùbá tó kọ́kọ́ balẹ̀ síbẹ̀ ṣílẹ̀kùn ọkọ̀, wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n sì fi ohun tí wọ́n rí sọ ìlú lórúkọ. Wọ́n da igbá gíláàsì ńlá kan bo ara wọn, abẹ́ rẹ̀ sì ni àwọn ọmọ wọn ń gbé láti àádọ́fà ọdún wá. Omi wọn wà nínú yìnyín, yìnyín náà wà ní àfonífojì kan lọ́nà jíjìn. Lọ́dọọdún, ìdílé kọ̀ọ̀kan á kó wọ ọkọ̀ yìnyín tirẹ̀, tọmọdé tàgbà, àfi àwọn arúgbó, wọn á lọ gé yìnyín fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Oòrùn ni ọkọ̀ wọ̀nyí ń jẹ. Bí ìjì eruku bá jà, oòrùn á wọ̀ọ̀kùn, ọkọ̀ á kú sójú kan, mànàmáná inú eruku á sì gbé ohùn mì, tí ẹni tó wà níta kò fi ní lè bá ará ilé sọ̀rọ̀. Afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ tó kú kì í ju ọjọ́ méjì lọ.

Nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe Ayọni. Ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ ni, ó ga tó ilé alájà méjì, eruku kò sì dẹ́rù bà á. Bí ìjì bá ti bẹ̀rẹ̀, á jáde, á máa fa ọkọ̀ wálé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú ló fi ń dá wọn mọ̀. Á wo àmì ìdílé tí wọ́n kùn sára ọkọ̀, á mọ ilé tó ni ín, á fà á dé ẹnubodè, orúkọ ilé náà á sì hàn lára ògiri: *Ti dé.* Ilé tó bá ti dé, Ayọni kò tún wá a mọ́.

Àmì, nígbà náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣọ́. Bàbá Láníyọnu sì ni Olùyẹ̀wò Àmì fún gbogbo ìlú.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, kò sì tíì gba ẹ̀bẹ̀ rí. Òfin rẹ̀ kò le. Àmì méjì gbọ́dọ̀ fi ohun méjì yàtọ̀ síra, ẹyọ kan kò tó. Ìtóbi kì í ṣe ìyàtọ̀, nítorí ohun gbogbo ló kéré lókèèrè. Ìhà tí ẹranko kọjú sí kì í ṣe ìyàtọ̀ pẹ̀lú, nítorí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọkọ̀ ni wọ́n ń kun àmì sí, ẹran tó bá kọjú sọ́tùn-ún lápá kan á kọjú sósì lápá kejì. Ìdílé kan mú erin tí wọ́n yà láti ẹ̀yìn wá, ó dá wọn padà, ó ní àpáta ni. Ọkùnrin kan fẹ́ funfun lórí funfun nítorí ìrẹ̀lẹ̀; Láníyọnu ṣàlàyé fún un pé ìrẹ̀lẹ̀ rẹ̀ forí gbárí pẹ̀lú gbogbo ògiri ìlú. Opó kan ya ojú olóògbé ọkọ rẹ̀, àyẹ̀wò sì fi hàn pé ó jọ iṣu ilé Adégòkè. Láníyọnu fi ọ̀wọ̀ kọ lẹ́tà ìtọrọ àforíjì, ó fi ránṣẹ́ sí ilé oníṣu.

Aríyàtọ̀ ló ń bá a ṣe iṣẹ́ náà. Àpótí kan ni, tó mọ gbogbo àmì ìlú lórí, tó sì ń fi tuntun wé ti àtijọ́. Kò ní etí, kò ní ojú, kò ní ìbátan. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ìlú fi gbà pé kì í ṣe ojúsàájú.

Láníyọnu ní tirẹ̀ ní ìbátan kan. Mobọ́láńlé ni ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Ọjọ́ tí wọ́n bí i ni ìyá rẹ̀ kú, bàbá rẹ̀ sì mọ àmì yẹ̀wò ju bí ó ṣe mọ ọmọ wẹ̀ lọ. Ìyá Àṣàkẹ́, ìyàwó Ògúnṣínà ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló gbé ọmọ náà pọ̀n. Àwọn méjèèjì kò bímọ. Wọ́n tọ́ Mobọ́láńlé títí ó fi lọ sílé ọkọ. Àmì ilé Ògúnṣínà sì ni ìgbín kan, pupa, lórí funfun. Àwọn ará ìlú a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ta ló ń fi ìgbín sára ọkọ̀. Ìyá Àṣàkẹ́ á dáhùn pé ìgbín nìkan ni kì í pẹ́ délé, nítorí ibi tó bá dé náà ni ilé rẹ̀.

Nígbà tí Mobọ́láńlé àti ọkọ rẹ̀, Gbọ́láhàn, gba ọkọ̀ yìnyín tiwọn, wọ́n ní láti ní àmì tiwọn. Mobọ́láńlé mú ìgbín pupa kékeré wá. Aríyàtọ̀ kọ̀ ọ́. Ó mú ìgbín pupa tó kọjú sẹ́yìn wá. Aríyàtọ̀ kọ̀ ọ́. Ó wá kun ìgbín náà ní elése àlùkò, ìwé sì jáde lẹ́nu àpótí nígbà kẹta: *Ó forí gbárí. Ilé Ògúnṣínà. Ìyàtọ̀ ẹyọ kan.*

Bàbá rẹ̀ gbà á nímọ̀ràn pé kó ya ẹyẹ. Ó ní ẹyẹ ṣì pọ̀ nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì lò.

"Ẹyẹ kọ́ ló tọ́ mi dàgbà, Bàbá mi," ni Mobọ́láńlé wí.

Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo.

Ọ̀nà kan wà nínú òfin. Láyé àtijọ́, ilé méjì jà nítorí adìyẹ, wọ́n lu ara wọn débi pé àwọn àgbà kọ gbólóhùn kan kún ìwé òfin: bí àmì tuntun bá fi ohun kan péré yàtọ̀, tí ẹni tó ni ti àkọ́kọ́ sì kọ̀wé pé òun yọ̀ǹda, Olùyẹ̀wò lè gbà á. Ìwé ìyọ̀ǹda mẹ́rin péré ni Láníyọnu ti gbà láti ọjọ́ tó ti débẹ̀, ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì jẹ́ ti àwọn arúgbó tí kì í jáde. Ó mọ ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, torí kò sẹ́ni tó bi í.

Mobọ́láńlé kúnlẹ̀ ní pálọ̀ Ògúnṣínà, Gbọ́láhàn dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ìlú wo ni wọ́n ti ń kọ̀ fún ọmọ tó wà lórí ìkúnlẹ̀? Ògúnṣínà ti ń kọ̀wé kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán. Ó ní ìgbín kan ni òun ní, wọ́n ti sọ ọ́ di méjì, kí Ọlọ́run bù sí i. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé ìwé náà wá fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ọ́fíìsì, ó sì jókòó láì dúró kí wọ́n fún un ní àga.

"Láníyọnu, òfin rẹ yìí, ṣé ó bímọ rí?"

"Kò bímọ. Ìdí nìyẹn tó fi ń rí oorun sùn."

"Buwọ́ lù ú, jàre. Ta ni yóò wá jà sí i, èmi?"

Láníyọnu ní kí ó fún òun láàyè díẹ̀. Ó lọ bá Dókítà Ìbídàpọ̀, obìnrin onímọ̀ ẹ̀rọ tó ṣe ojú Ayọni. Obìnrin náà ti ń sọ fún ìgbìmọ̀ tipẹ́ pé òfin àwọn àgbà ń fi àmì ṣòfò, pé ojú ènìyàn ni wọ́n fi ṣe é, àti pé ojú Ayọni ń dá ẹgbẹ̀rin àwọ̀ mọ̀ yàtọ̀. Ó gbé ìgbín pupa àti ìgbín elése àlùkò síwájú ojú kan tó wà lórí tábìlì. Ojú náà dá wọn mọ̀ ní ọgọ́rùn-ún ìgbà nínú ọgọ́rùn-ún.

"Nínú eruku ńkọ́?" ni Láníyọnu bi í.

"Eruku kì í wọ yàrá àyẹ̀wò wa, Bàbá. Ẹnu ọ̀nà la máa ń bọ́ bàtà sí."

Láníyọnu dúpẹ́. Ó padà sí ọ́fíìsì, ó jókòó ti ìwé náà fún bí wákàtí kan. Ó mọ̀ pé nítorí ìjà ni wọ́n ṣe kọ òfin ìyọ̀ǹda, wọn kò kọ ọ́ nítorí ojú. Ènìyàn lè yọ̀ǹda. Ojú kì í yọ̀ǹda. Gbogbo eléyìí ló mọ̀. Ó sì ronú nípa ọmọ tí òun kò pọ̀n rí, tí kò tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ òun títí ó fi dàgbà, àfi èyí. Ó buwọ́ lù ú.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì ìgé yìnyín, ìjì dé. Ọ̀sán gangan ni, ojú ọ̀run sì pọ́n bí epo. Ayọni jáde. Láníyọnu, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e lọ sí àfonífojì mọ́, dúró lẹ́nubodè pẹ̀lú àwọn arúgbó yòókù, wọ́n ń wo ògiri. Orúkọ ń hàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá, ó kà á pé: *Ilé Ògúnṣínà. Ti dé.* Ó mí kanlẹ̀. Títí di ìrọ̀lẹ́, ilé ogójì ti wọlé nínú mọ́kànlélógójì. Ilé kan ló kù, orúkọ Mobọ́láńlé ló sì wà níbẹ̀.

Àwọn arúgbó yòókù kò wo ojú rẹ̀ mọ́. Ọ̀kan ní Ayọni á rí wọn. Òmíràn ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹni kan ṣoṣo ló wà tí Láníyọnu lè jókòó tì nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ó lọ sí ilé ìwẹ̀-eruku, níbi tí wọ́n ti ń fọ àwọn tó bá wọlé fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí wọ́n tó dá wọn sílẹ̀, láti lọ wá Ògúnṣínà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ilẹ̀kùn ṣí, Mobọ́láńlé jáde wá, omi ń kán lórí rẹ̀, Gbọ́láhàn wà lẹ́yìn rẹ̀.

Láníyọnu dì mọ́ ọn. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí, kò sì mọ ibi tó yẹ kó gbé ọwọ́ sí. Ayọ̀ náà tó ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà, ó béèrè pé Ìyá Àṣàkẹ́ àti Ògúnṣínà ńkọ́.

"Wọ́n ń bọ̀ lẹ́yìn, Bàbá mi. Ọkọ̀ wa jọ wà pọ̀ ni. Ìyá ń juwọ́ sí wa lójú fèrèsé nígbà tí Ayọni ń fà wá lọ."

Ọkùnrin tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n wá ibi tí àmì ti ń forí gbárí kò nílò àlàyé. Eruku pupa bo ìgbín elése àlùkò, ó di pupa. Ayọni fà á wálé, ó kọ orúkọ Ògúnṣínà sílẹ̀. Ìgbín pupa tòótọ́ wà níta, ilé tó ti dé sì ni lójú Ayọni.

Ó sáré. Ọdún mẹ́wàá ni kò ti sáré. Ó bá Dókítà Ìbídàpọ̀ lẹ́nubodè, ó ní kó pe ẹ̀rọ náà padà. Obìnrin náà ní ohùn kò lè kọjá ìjì, ènìyàn pẹ̀lú kò lè kọjá.

"Kò ní padà wá, Bàbá, àfi tó bá rí ilé ìkẹyìn. Èmi ni mo ṣe é bẹ́ẹ̀, kó má baà fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀."

"Ilé ìkẹyìn náà wà níbí, Dókítà. Ó ń nu irun."

Ọjọ́ mẹ́rin ni ìjì náà fi jà.

Nígbà tó rọlẹ̀, wọ́n bá ọkọ̀ Ògúnṣínà níbi tó wà. Tọkọtaya náà jókòó sórí ìjókòó kan náà, aṣọ ìbora kan ló bo ẹsẹ̀ méjèèjì wọn. Ipa ẹsẹ̀ mẹ́jọ yí ọkọ̀ náà ká ní ìgbà mẹ́rìndínlógún. Ayọni ti ń débẹ̀, ó ń wo ìgbín náà dáadáa, ó ń rántí pé ilé yìí ti dé, ó sì ń kọjá lọ wá Mobọ́láńlé. Ìyá Àṣàkẹ́ ti ní ìgbín kì í pẹ́ délé. Inú ilé rẹ̀ náà ni wọ́n bá a.

Ayọni ṣì ń wá Mobọ́láńlé kiri, kò sì gba àṣẹ pé kó dúró. Wọ́n ní láti fọ ọkọ̀ Mobọ́láńlé mọ́ tónítóní, kí ọmọ náà wà á jáde sínú oòrùn, kó dúró síwájú ẹ̀rọ náà. Ayọni rí àwọ̀ elése àlùkò. Ó rọra gbé e bí ẹni gbé ẹyin, ó fà á wálé, ó sì kọ ọ́ sára ògiri ní lẹ́tà gàdàgbà: *Gbogbo ilé ti dé.* Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe ń pa á rẹ́.

Ìgbìmọ̀ jókòó. Àwọn àgbà ní ojú ẹ̀rọ ló jẹ̀bi, Dókítà Ìbídàpọ̀ ní òfin ìyọ̀ǹda ni. Láníyọnu ní àwọn méjèèjì tọ̀nà, àti pé ìbuwọ́lùwé òun ló so wọ́n pọ̀. Ó ní kí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun. Wọ́n dá a lóhùn pé kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n ṣe, kí ó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, Mobọ́láńlé wọ ọ́fíìsì. Ó kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀, ó gbé ìwé kan sórí tábìlì. Ìgbín kan, pupa, lórí funfun. Ó ní òun fẹ́ pààrọ̀ àmì. Ó ní ilé náà kò gbọdọ̀ parẹ́.

Láníyọnu wo àwòrán náà títí. Lẹ́yìn náà ó fi í sẹ́nu Aríyàtọ̀, ó sì dúró. Láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ náà, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tó ń bẹ àpótí náà lọ́kàn rẹ̀ pé kó dá ohun kan padà, kó sọ pé ẹnì kan wà níbì kan tó ni ín.

Kò pẹ́ rárá. Ìwé jáde: *Kò forí gbárí pẹ̀lú ilé kankan. Ó bá òfin mu.*

Ó buwọ́ lù ú. Nísàlẹ̀ ìwé náà, àyè kan wà fún orúkọ ẹni tó yọ̀ǹda. Òfin ní bí kò bá sí ẹnikẹ́ni tó ni irú àmì bẹ́ẹ̀, kí Olùyẹ̀wò fa ìlà sí i. Láníyọnu wá rúlà rẹ̀, ó fa ìlà náà. Ó gún régé.