Ilé Tí A Kò Tíì Tẹ̀

Níbi tí a ti ń fọ kárọ́ọ̀tì ní ìlú Ohakune, lẹ́sẹ̀ òkè Ruapehu, ni mo ti kọ́kọ́ rí Hohepa. Ó wọ bàtà òjò méjì tí kò bára mu, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan funfun. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi dà sí mi lára.

"Ẹ̀gbọ́n, ta lẹ jọ pín bàtà yìí?" mo bi í.

"Ká ní wọ́n bára mu ni, ṣé o máa wò mí?"

Kí kárọ́ọ̀tì ọdún yẹn tó tán, mo ti mọ̀ pé òun ni mo fẹ́.

Màmá rẹ̀, Te Paea, kò fẹ́ mi. Ó ní ará etíkun ni mí, pé n óò sá tí yìnyín bá ti bo òkè Ruapehu. Síbẹ̀ a ṣègbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan ní Raetihi, a sì lo ọdún mẹ́rin nínú ilé onípákó tí Hohepa fọwọ́ ara rẹ̀ kàn. "Kararaina mi, oòrùn etíkun," bẹ́ẹ̀ ló máa ń pè mí.

Ní oṣù kẹfà, nígbà tí òtútù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, igi wó lù ú nínú igbó tó ti ń la gẹdú.

Ọjọ́ mẹ́ta la fi tẹ́ òkú rẹ̀ sí gbọ̀ngàn ìdílé wọn. Àwọn àgbà bá a wí, wọ́n bá a ṣàwàdà, bí ẹni tó ń gbọ́. Lẹ́yìn ìsìnkú, ó ku ohun kan: ilé títẹ̀. Àlùfáà á ṣáájú, àwọn èèyàn á tẹ̀ lé e, wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ gbogbo yàrá pẹ̀lú àdúrà àti orin, kí ẹ̀mí olóògbé lè gbọ̀nà lọ. Wọ́n á wá jẹun níbẹ̀, kí ilé lè padà di ti alààyè.

Mo sá ṣáájú wọn délé. Mo ti ilẹ̀kùn, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ ò ní lé ọkọ mi jáde," mo wí.

"Ọmọ mi, kì í ṣe lílé," Àlùfáà Eruera dáhùn.

"Ọmọ mi ló fẹ́ so mọ́lẹ̀ bí àgùntàn!" Màmá Hohepa pariwo. "Mo sọ fún yín! Mo sọ fún yín nípa ọmọbìnrin yìí!"

Kò sẹ́ni tó fipá wọlé. Wọ́n yí padà nínú òjò.

Lọ́jọ́ kẹta, bí oòrùn ṣe ń wọ̀, mo gbọ́ ẹsẹ̀ lórí pákó ìloro. Ìgbésẹ̀ méjì, ìdúró díẹ̀, ìgbésẹ̀ kan. Bí Hohepa ṣe máa ń rìn nìyẹn tó bá ń bọ́ bàtà. Orí mi wú, ṣùgbọ́n ayọ̀ ni. Mo bu oúnjẹ rẹ̀ sáwo.

"Olólùfẹ́ mi, káàbọ̀."

Láti ọjọ́ náà, kò pa ìrọ̀lẹ́ kan jẹ. Kì í wọlé. Tí mo bá ṣílẹ̀kùn, ìrì dídì funfun ni mo máa ń rí lórí pákó, láìsí ojú ẹsẹ̀ kankan. Oúnjẹ tí mo gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, tí iná ń jó nínú rẹ̀, á dì gbagidi. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo rí ipa àtẹ́lẹwọ́ lára gíláàsì fèrèsé. Ìta ló wà.

Ajá wa kọ̀, kò wọlé mọ́. Àwọn aládùúgbò náà kọ̀, nítorí ta ni yóò jẹun nínú ilé tí a kò tíì tẹ̀? Wọ́n á gbé abọ́ ọbẹ̀ sẹ́nu géètì, wọ́n á ké sí mi, wọ́n á lọ. Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Mi ò lè gbàdúrà. Ẹ̀rù ń bà mí pé Ọlọ́run á tún gbà á lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kejì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní oṣù keje, Màmá dé sẹ́nu géètì láìwọ ẹ̀wù òtútù. Ó ti rù.

"Kararaina, ṣé ó ń wá síbí?"

Ojú mi lọ sí ìloro.

"Ó ń wá sọ́dọ̀ èmi náà, ó ń dúró lójú fèrèsé mi. Mo ní kó wọlé, ó ní òun ò lè wọlé. Mo ní kó máa lọ, ó ní ìyàwó òun ò tíì ní kí òun máa lọ." Ó fọwọ́ méjèèjì di géètì mú. "Ó ní òtútù ń mú òun."

Mo rántí àwọn abọ́ oúnjẹ tó dì. Mo rò pé mò ń tọ́jú ọkọ mi ni. Àṣé èmi ni mo fi í sílẹ̀ síta nínú òtútù.

"Màmá, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé kó máa lọ."

"Èmi náà ò tíì mọ̀ ọ́n sọ tọkàntọkàn. Ṣí géètì, ará etíkun, kí n tó di yìnyín síbí. A ó jọ sọ ọ́."

Lọ́jọ́ kejì, Àlùfáà Eruera kó àwọn èèyàn wá. Mo dì í lọ́wọ́ mú lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ibo lẹ fẹ́ rán an lọ?"

"A ò rán an níbì kankan, ọmọ mi. Jésù fúnra rẹ̀ ti sùn nínú ibojì rí. Ó mọ bí ibẹ̀ ṣe tutù tó. Òun ló wá mú un. Àwa kàn ń ṣílẹ̀kùn ni."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára bí tíì gbígbóná. Mo yà fún wọn.

Wọ́n tẹ ilé ìdáná, wọ́n tẹ pálọ̀, wọ́n tẹ yàrá wa. Orin gba gbogbo ilé. Nígbà tí a jáde sórí ìloro, orin dákẹ́, gbogbo wa sì gbọ́ ọ lọ́sàn-án gangan: ìgbésẹ̀ méjì, ìdúró díẹ̀, ìgbésẹ̀ kan.

Ajá hu. Màmá rọ̀ mọ́ mi lápá.

"Hohepa," mo wí, "mo fẹ́ràn rẹ. Mo ṣì fẹ́ràn rẹ. Tẹ̀ lé Olúwa. Máa lọ, ọkọ mi."

"Máa lọ, ọmọ mi," ni Màmá wí.

Afẹ́fẹ́ tútù kan gba àárín wa kọjá, ó rọra bí aṣọ tó fara kan èèyàn. A wo koríko onírì dídì tó ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, títí dé géètì. Níbẹ̀ ló parí sí.

Màmá fa imú rẹ̀.

"Ó yá, ẹ wọlé, ẹ jẹun. Ẹ sì dákun, kí ẹnìkan mú iyọ̀ wá. Mo mọ ọwọ́ ọbẹ̀ ìyàwó mi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, omijé sì ń dà lójú mi. A jẹ egungun ẹlẹ́dẹ̀ àti ọ̀dùnkún, èèyàn kún inú ilé dé ẹnu ọ̀nà.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Màmá tẹ́ tìmùtìmù tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Oòrùn wọ̀. Mo tẹ́tí. Ẹsẹ̀ kankan kò dé. Mo kúnlẹ̀, mo gbàdúrà fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí Hohepa ti kú: "Olúwa, ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀."

"Àmín," ni Màmá dáhùn nínú òkùnkùn. Ó na ọwọ́ sí mi. Mo dì í mú. Ó gbóná.