Oníwo Méjì Orí Kọ́bọ́ọ̀dù

Bí ẹ bá fẹ́ gbé nǹkan ẹlòmíràn kúrò ní àyè rẹ̀, fún wákàtí kan péré, ṣé ẹ máa ń tọrọ ààyè lọ́wọ́ rẹ̀? Èmi kò tọrọ. Ojú mi ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣe, ojú mi sì ríran: èmi ni mo ṣì ń fi òwú sí abẹ́rẹ́ fún gbogbo àdúgbò wa ní Gibara, ìlú etí òkun ní Cuba.

Yusimí, ọmọ ọmọ mi, ń wá iṣẹ́ ayàwòrán ilé ní Havana. Ọdún méjì ló ti ń wá a. Ilé iṣẹ́ kan níbẹ̀ ní àwọn yóò fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò lójú kọ̀ǹpútà, agogo mẹ́wàá àárọ̀ Sátidé. Wọn kò fẹ́ ti fóònù. Ẹni tí wọn kò bá rí, iṣẹ́ ti di ti ẹlòmíràn. Kọ̀ǹpútà wà nílé, ńlá, arúgbó, ṣùgbọ́n kò ní ohun tí yóò fi gba íńtánẹ́ẹ̀tì láti inú afẹ́fẹ́. Páàkì ni íńtánẹ́ẹ̀tì wà, òpópónà méjì sí wa.

A lọ bá Leovigildo, tí ń tún rédíò ṣe nígbà kan. Ó to oríṣi mẹ́ta ohun tí ń gba íńtánẹ́ẹ̀tì sórí tábìlì: ọ̀kan kò ju èékánná lọ, ọ̀kan ń wọ inú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan ní ìwo méjì àti wáyà gígùn.

"Kékeré yìí mà rẹwà o," Yusimí wí.

"Ó rẹwà, ó dití. Ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà lẹ máa kì í bọ̀, irin á sì dí i létí. Èyí tó ń wọnú, àfi ká tú ẹ̀rọ yẹn palẹ̀."

"Kò sẹ́ni tó máa tú nǹkan kan palẹ̀ nílé mi," mo ní. "Oníwo ńkọ́?"

"Ìyẹn lọ̀gá wọn. Ibi gíga ni kẹ́ ẹ gbé e sí, Màmá Odilia. Ẹ má gbé omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ o. Omi máa ń mu agbára ẹ̀."

"Ìwọ náà ń mu ọtí, a ṣì ń jókòó tì ọ́."

Páálí ẹyin kan ni mo fi pààrọ̀ rẹ̀.

Orí kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ ló ga jù nílé wa. Ibẹ̀ sì ni omi Candelario wà. Ọkọ mi ni. Ó ti kú láti ọdún mọ́kànlá. Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ òkú: gíláàsì omi kan, níbi gíga, a ń pààrọ̀ rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ajé. N kò pa á jẹ rí.

Láàárọ̀ Sátidé, mo gbé gíláàsì náà sọ̀ kalẹ̀. Ó kún. Mo gbé e sórí tábìlì ìdáná, mo gbé oníwo sí àyè rẹ̀. N kò sọ nǹkan kan. Ṣé kí n tún máa ṣàlàyé wáyà fún òkú ni?

Yusimí wá ìsopọ̀. Ti páàkì yọ lójú kọ̀ǹpútà, kò lágbára. Òmíràn yọ lókè rẹ̀, orúkọ èèyàn ló ń jẹ́. Ó lágbára. Kò ní àgádágodo, kò béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà kankan.

"Màmá àgbà, ta ló ń jẹ́ Candelario ládùúgbò yìí?"

"Bàbá àgbà rẹ nìkan."

Ó wo aago. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta. "Mo fẹ́ wọ̀ ọ́ o."

"Wọ̀ ọ́."

Obìnrin kan yọ, ó ní Maricel lorúkọ òun. Ó ń bi í, Yusimí ń dáhùn dáadáa. Mo jókòó sí kọ̀rọ̀, níbi tí ojú kọ̀ǹpútà kò ti rí mi.

Lẹ́yìn náà, n kò gbọ́ ariwo òkun mọ́. Ajá aládùúgbò dákẹ́.

"Yusimí, jọ̀ọ́," Maricel wí, "bàbá tó dúró lẹ́yìn ẹ yẹn, ṣé wọn ò ní jókòó?"

Yusimí yíjú. Èmi náà wò. Kọ́bọ́ọ̀dù. Ògiri.

"Kò sí bàbá kankan níbí, mà."

"Wọ́n ń sọ̀rọ̀ mọ́ ẹ lẹ́nu, mi ò gbọ́ ẹ mọ́." Ó tẹ́tí sílẹ̀. "Wọ́n ní òùngbẹ ń gbẹ àwọn. Ẹ fún wọn lómi, ká lè parí. Ẹni mẹ́fà ló ṣì ń dúró dè mí."

Yusimí wò mí bó ṣe máa ń wò mí nígbà tó wà lọ́mọ ọdún márùn-ún.

Mo lọ sí ìdáná. Gíláàsì ti gbẹ. Tábìlì abẹ́ rẹ̀ kò tutù. Mo bu omi mìíràn, mo gun àpótí ìjókòó, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwo méjèèjì, mo sì padà sí kọ̀rọ̀ mi. Ìsopọ̀ kò dín rárá.

"Ẹ ṣeun," Maricel wí. "Wọ́n ti jókòó."

Ó bi í ní ìbéèrè tó kù. Ó rẹ́rìn-ín. "Iṣẹ́ ti di tìẹ, Yusimí. Ṣùgbọ́n bàbá ní kí n béèrè nǹkan kan kí n tó lọ. Wọ́n ní, ta ló gbé omi àwọn kúrò níbẹ̀?"

Mo dìde ní kọ̀rọ̀, mo lọ dúró níwájú kọ̀ǹpútà, kí ẹni tó ń wò lè rí mi dáadáa.

"Èmi ni," mo ní. "Èmi Odilia, ìyàwó rẹ̀."