Ẹ̀rọ Tí Màmá Fi Ń Sọ̀rọ̀

Lọ́jọ́ tí Jẹ́jẹ́ kọ́kọ́ fojú kan aránṣọ náà, abẹ́rẹ́ mẹ́ta ló há sí ọrùn aṣọ rẹ̀, téèpù ìwọnṣọ rọ̀ sí èjìká rẹ̀, ó sì gbá tábúlẹ́ẹ̀tì kan mọ́ra bí ìyá ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná. Jẹ́jẹ́ tó ń tú fóònù lọ́wọ́ gbàgbé èyí tó ń tú. Ẹ má bá a wí. Ọmọbìnrin náà rẹwà, ẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ni kí ojú rí ohun tó dára.

"Ẹ káàsán o. Ihò ṣájà rẹ̀ ló bàjẹ́," ni aránṣọ wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra. Ẹnu ìyá mi ni."

"Ẹnu ìyá yín kẹ̀?"

Ó tẹ àwòrán ife kan. Ohùn òun fúnra rẹ̀ jáde nínú ẹ̀rọ náà: "Òùngbẹ ń gbẹ mí." Ó ṣàlàyé pé rọpárọsẹ̀ ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ìyá òun láti ọdún méjì, pé òun ló ka irínwó ọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ náà, èyí tí Màmá bá tẹ̀ ni yóò sọ. Ẹ̀rín kúrò lójú Jẹ́jẹ́.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, àǹtí. Mà á tọ́jú ẹ̀ bí ẹyin."

"Ṣé torí ẹ̀ ni ọ̀gá yín tó wà nínú lọ́hùn-ún ṣe ń pè yín ní Jẹ́jẹ́?"

"Torí pé n kì í ṣe wàdùwàdù ni."

"Mò ń wò yín o," ni ó wí, ó sì rẹ́rìn-ín jáde.

Ẹ̀rín yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀. Ọwọ́ Jẹ́jẹ́ wà níbi iṣẹ́, ọkàn rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó ń dé ẹ̀rọ náà padà, ó fi nọ́ọ̀tì gígùn síbi tí kúkúrú yẹ kó wà. Nọ́ọ̀tì náà gún bọ́ọ̀dù tó jẹ́ ọpọlọ ẹ̀rọ náà, ojú ẹ̀rọ ṣú, irínwó ọ̀rọ̀ bá a lọ.

Ọ̀gá, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó kọ́ ọ níṣẹ́, bojú wò ó. "Sọ pé bó ṣe dé nìyẹn. Ṣé o ò rí ohun tá a kọ sára ògiri ni?" Wọ́n ti kọ ọ́ gàdàgbà pé ohunkóhun tó bá ṣe ẹ̀rọ oníbàárà, ọwọ́ àwọn kò sí níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí aránṣọ ṣe wọlé lọ́jọ́ kejì, Jẹ́jẹ́ ò jẹ́ kó jókòó. "Àǹtí, èmi ni mo bà á jẹ́."

Omi lé ròrò sójú ọmọbìnrin náà. "Kí ni Màmá máa fi dá mi lóhùn lónìí?"

Ọ̀gá nàka sí ògiri. Aránṣọ nu ojú rẹ̀. "Mo rí i, bàbá. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri, kò sọ ọ́ di òfin. Àtúnṣe ni mo gbé e wá fún. Ẹ tún un ṣe, tàbí kẹ́ ẹ fún mi ní irú ẹ̀."

"Ibi tó bá wù ẹ́ ni kó o lọ."

Ó sì lọ, sí ọ́fíìsì tó ń rí sí ẹ̀tọ́ oníbàárà. Wọ́n ní kó mú ẹ̀rí wá pé ẹ̀rọ náà kò tíì kú nígbà tó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó padà wá sọ ọ́, Jẹ́jẹ́ kọ gbogbo bó ṣe ṣẹlẹ̀ sẹ́yìn rìsíìtì, ó sì fọwọ́ sí i.

"Tó o bá fún un ní ìwé yẹn," ni Ọ̀gá wí, "má padà wá síbí mọ́."

Jẹ́jẹ́ fún un. Ó dùn ún o, ṣọ́ọ̀bù yẹn nìkan ló mọ̀ láyé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ́fíìsì dá aránṣọ láre, Ọ̀gá sì ra tábúlẹ́ẹ̀tì tuntun pẹ̀lú ìfajúro. Jẹ́jẹ́ ti gbé tábìlì àtúnṣe fóònù tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ aránbàtà kan nígbà yẹn, ó ń bá ayé yí.

Tábúlẹ́ẹ̀tì tuntun ò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú. Jẹ́jẹ́ lọ sílé wọn láti bá wọn kó o sí i. Bí Màmá ṣe rí ẹni tó ba ẹnu òun jẹ́, ó fi ọwọ́ òsì tó ṣẹ́ kù fún un júwe ọ̀nà ìta.

"N ò lè bá wọn jà," ni aránṣọ wí.

"Ìta náà dára," ni Jẹ́jẹ́ dáhùn.

Abẹ́ fèrèsé Màmá ni wọ́n ti ń ka ọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́. Omi. Oorun. Ẹ̀yìn ń dùn mí. Kí ọ̀rọ̀ náà tó pé igba, "ẹ" ti di "o" láàárín wọn.

"Èwo ló kàn?" ni Jẹ́jẹ́ bi aránṣọ.

"Mo fẹ́ràn rẹ."

"N ò gbọ́ dáadáa. Tún un kà, ààyò mi."

"Ṣé ẹ̀rọ ló ń gbà á sílẹ̀ ni àbí ìwọ?"

"Àwa méjèèjì ni."

Màmá ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ tí irínwó ọ̀rọ̀ pé, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó tẹ̀ ni "Wọlé." Jẹ́jẹ́ wọlé. Ìka Màmá rìn díẹ̀díẹ̀. "Kí ló dé?" Ó sinmi. "Irọ́." Ó tún sinmi. "Rárá."

"Wọ́n ń bi ọ́ pé kí ló dé tó ò fi purọ́," ni aránṣọ wí.

"Màmá, ẹ ò lè dá mi lóhùn nígbà yẹn. Ojú tì mí láti parọ́ mọ́ ẹni tí kò lè já irọ́ mi." Ó dọ̀bálẹ̀. "Mo sì fẹ́ fi ọmọ yín ṣaya, tẹ́ ẹ bá gbà."

Màmá wá ọ̀rọ̀ títí lójú ẹ̀rọ, kò rí i. Ó nàka sí àyè kan tó ṣófo níbẹ̀, ó nàka sí Jẹ́jẹ́, lẹ́yìn náà sí ẹnu ọmọ rẹ̀.

"Ẹ fẹ́ kí n fi orúkọ rẹ̀ síbẹ̀? Jẹ́jẹ́?" Màmá mi orí pé rárá. "Àlejò?" Ó tún mi orí. Ohùn aránṣọ rẹlẹ̀. "Ọkọ ọmọ mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Màmá tẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni."

Aránṣọ kà á sínú ẹ̀rọ. Màmá tẹ̀ ẹ́ wò.

"Ọkọ ọmọ mi."

"Mà," ni Jẹ́jẹ́ dáhùn.