Ìkésíni Tí Kò Wọlé

"Ariwo ta nìyẹn?" Sìsí, tó wá bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kàwé nílé, gbé orí kúrò lára ìwé.

Ìyá Kékeré ò tiẹ̀ wẹ̀yìn. "Ọmọ ará ilé kejì ni. Jẹ́ ká máa kàwé wa jàre."

Irọ́ funfun báláú! Àbúrò Ìyá Kékeré fúnra rẹ̀ ni. Inú yàrá tó wà lẹ́yìn wọn gan-an lọmọ náà wà tó ń fò sókè tó ń ké, torí pé ẹnì kan ti sún àga kúrò ní àyè rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, kò sì tíì sọ gbólóhùn kan rí. Ọ̀gá ni wọ́n ń pè é nínú ilé, nítorí àṣẹ tirẹ̀ ni gbogbo wọn ń tẹ̀ lé. Ife kan ṣoṣo ló fi ń mu omi. Ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ wà ní títì, bàtà gbogbo ará ilé sì gbọ́dọ̀ tò tẹ̀léra lẹ́bàá ògiri. Ẹni tó bá dán an wò kó yí nǹkan padà, kó yáa di etí rẹ̀.

Bí Ọ̀gá ṣe ń ti ilẹ̀kùn ni Ìyá Àgbà ń ṣí i. Òun ló bí ìyá wọn. Ọjọ́ ogbó ti dé sí i, ó ti ń gbàgbé nǹkan, ó sì gbà pé ọkọ òun tó ti kú tipẹ́ ń retí òun nílé. Àárín àwọn méjèèjì yìí ni ìyá wọn, tó jẹ́ aránṣọ, jókòó sí nídìí maṣíìnì rẹ̀ ní yàrá iwájú. Bàbá wọn ti bá tirẹ̀ lọ látìgbà tí dókítà ti sọ ohun tó ń ṣe Ọ̀gá. "Wọ́n ní ọmọ tó ní ìyá òun ò ní sùn, òun náà ò ní fojú kan oorun," ni obìnrin náà máa ń fi ṣe àwàdà. "Irọ́ ni o! Tèmi ń sùn dáadáa. Bó bá ti sùn ni ìyá mi á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀." Á wá rẹ́rìn-ín, á sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú tí àìsùn ti sọ di pípọ́n.

Àkọ́bí rẹ̀ nìkan ló ń ràn án lọ́wọ́, ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní Ìyá Kékeré nìyẹn. Ọmọ náà kì í ṣe ọ̀lẹ, ẹ má ṣì í gbọ́. Ó ń fọṣọ, ó ń wẹ ìyá ìyá rẹ̀, ó sì ń múra ìdánwò àṣejáde. Ìtìjú ni wàhálà tirẹ̀. Ó ti sọ fún gbogbo kíláàsì pé òun nìkan ni ìyá òun bí.

Ọ̀sán ọjọ́ náà, tí ìyá wọn gbé aṣọ lọ fún oníbàárà, ni Màmá Nọ́ọ̀sì wá sílé wọn. Obìnrin yìí ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ilé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sí ló kọjú sí tiwọn. Ìyá Kékeré sáré pàdé rẹ̀ lẹ́nu géètì kí Sìsí má bàa gbọ́ ohun tó fẹ́ sọ.

"Màmá rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n jáde, mà."

"Bá mi sọ fún wọn pé àwa kan wà tá a ní irú àbúrò rẹ nílé, àwọn mìíràn sì ń tọ́jú òbí tó ti darúgbó. Ilé mi la máa ń pàdé sí ní gbogbo Sátidé, kí wọ́n máa bọ̀. Bí ẹnì kan bá ń ṣọ́ ọmọ, ẹnì kejì á lọ sùn. Ọmọ-ọmọ tèmi náà rí bẹ́ẹ̀. Ọ́tísíìmù ni wọ́n ń pè é nílé ìwòsàn. Kì í ṣe èpè, kì í sì í ràn. Ó ti rẹ màmá rẹ, ọmọ mi. Mò ń rí wọn."

Ìyá Kékeré wo ọ̀ọ̀dẹ̀ ilé Màmá Nọ́ọ̀sì. Gbangba ni. Gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wọn ló ń gba iwájú rẹ̀ kọjá. Kí wọ́n wá rí Ọ̀gá níbẹ̀ tó ń mi ara rẹ̀ síwá sẹ́yìn? Ó tán nìyẹn.

"Màá sọ fún wọn, mà," ló wí. Kò sọ.

Nígbà tó tún ṣe, Màmá Nọ́ọ̀sì pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà. "Kí ni màmá rẹ wí?"

"Wọ́n ní... wọ́n ní àwọn ò ráyè, mà."

Ojú obìnrin náà rẹ̀wẹ̀sì. "Kò burú," ló wí, kò sì bi í mọ́.

Ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀, àmọ́ irọ́ kì í dá rìn. Kò pẹ́ tí oníbàárà kan fi wá gbé aṣọ, ló bá ń ròyìn bí àwọn ará àdúgbò ṣe ń ran ara wọn lọ́wọ́ nílé Màmá Nọ́ọ̀sì. Ẹsẹ̀ ìyá wọn dúró lórí maṣíìnì.

"Wọn ò pè mí," ló wí nígbà tí oníbàárà ti lọ. "Ó ń rí mi lójoojúmọ́. Ó ń gbọ́ igbe ọmọ mi. Ó pe gbogbo ayé, ó wá yọ èmi sílẹ̀. Kí ni mo fi ṣe é?"

Ìyá Kékeré wà níbẹ̀ tó ń ká aṣọ. Ọ̀rọ̀ dé ètè rẹ̀, ó gbé e mì. Láti ọjọ́ náà ni ìyá rẹ̀ ò ti kí Màmá Nọ́ọ̀sì mọ́. Tí wọ́n bá pàdé, á gbé ojú sápá kan.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni Ìyá Àgbà yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀. Gbì! Nígbà tí ìyá àti ọmọ fi máa sáré dé ibẹ̀, arúgbó náà ti wà nílẹ̀, ó di ìbàdí mú, ó ń kérora. Ọ̀gá ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo etí.

"Ẹ jẹ́ ká pe Màmá Nọ́ọ̀sì, mà," ni Ìyá Kékeré wí. "Wọ́n wà nílé. Mo rí wọn lẹ́ẹ̀kan."

"Ta ni? Ẹni tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lójú gbogbo àdúgbò? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n kan ilẹ̀kùn rẹ̀! Di ẹsẹ̀ wọn mú, ká gbé wọn sórí bẹ́ẹ̀dì."

Gbólóhùn kan péré ló kù kó sọ: "Màmi, wọ́n pè yín, èmi ni mi ò jíṣẹ́." Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó wo ojú ìyá rẹ̀, ẹ̀rù bà á. Ó bẹ̀rẹ̀, ó di ẹsẹ̀ arúgbó náà mú, wọ́n gbé e.

Igbe tí Ìyá Àgbà ké, Ọ̀gá pàápàá dákẹ́.

Nílé ìwòsàn, dókítà wo àwòrán egungun náà títí. "Ta ló gbé wọn dìde?"

"Èmi ni," ni ìyá wọn dáhùn.

"Egungun ìbàdí yìí kàn sán lásán ni. Ká ní ẹ fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe gbé wọn, ì bá jinná. Gbígbé tẹ́ ẹ gbé wọn ló yà á sọ́tọ̀. Ọkàn wọn ò sì lè gba iṣẹ́ abẹ mọ́. Ẹ má retí pé wọ́n á tún rìn."

Ibi tí wọ́n jókòó sí pẹ̀lú Ọ̀gá ni Màmá Nọ́ọ̀sì ti bá wọn. Ó ti gbọ́ lẹ́nu awakọ̀ tó gbé wọn wá. "Kí ló dé tẹ́ ò fi pè mí? Ìbàdí arúgbó! A kì í gbé e bẹ́ẹ̀ o!"

"Mo rò pé ẹ ò ka irú wa kún ni," ìyá wọn fèsì, kò gbójú sókè. "Ẹ ò pè mí sí ìpàdé yín."

"Èmi? Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bá ọmọ yín sọ ọ́! Ó ní ẹ ní ẹ ò ráyè."

Ìyá wọn yíjú. Ìyá Kékeré ti wà lórí eékún, omi ń dà lójú rẹ̀. Ó retí ìgbátí. Kò rí i gbà.

"Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi ba ẹsẹ̀ ìyá mi jẹ́," ni ìyá wọn wí jẹ́jẹ́, "torí pé ìwọ ò fẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ mọ̀ pé o ní àbúrò. Dìde. Mú Ọ̀gá lọ síta, ariwo ibí ti pọ̀ jù fún un."

Ó wá kù, ẹ gbọ́, ohun tó korò jù lọ. Nígbà tí Sìsí wá kí wọn, Ìyá Kékeré fà á lọ sí kọ̀rọ̀, ó ní òun fẹ́ jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ àbúrò òun. Sìsí fi ojú àánú wò ó. "Ọ̀rẹ́ mi, ta ni kò mọ̀? Gbogbo kíláàsì ló mọ̀ tipẹ́. A kàn ń dákẹ́ torí tìẹ ni."

Háà! Ìtìjú asán. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ̀ ń kà á, ẹ fi èyí kún un: ẹni tó bá dákẹ́ nítorí ojú ayé, tara àwọn ará ilé rẹ̀ náà á bá a dákẹ́. Ìṣòro ilé kì í ṣe ìdọ̀tí tí à ń fi ẹní bò. Bí ọwọ́ ìrànlọ́wọ́ bá kan ilẹ̀kùn, ẹ ṣí i.

Ìyá wọn ti ń lọ sí ìpàdé Sátidé báyìí. Ọ̀gá ti ní àyè tirẹ̀ ní ọ̀ọ̀dẹ̀ Màmá Nọ́ọ̀sì, kò sì sẹ́ni tó ń wò ó bí ẹni wo ìran. Ìyá wọn náà ń rí oorun sùn lọ́sàn-án. Àmọ́ kì í bá àkọ́bí rẹ̀ ṣàwàdà mọ́.

Ìyá Kékeré ló ń jókòó ti Ìyá Àgbà. Lójoojúmọ́ ni arúgbó náà ń gbìyànjú láti dìde lọ bá ọkọ rẹ̀, tí ẹsẹ̀ ò sì ní gbà fún un.

"Ọmọ mi, kí ló ṣe ẹsẹ̀ mi?"

"Èmi ni, mà. Ìgbà tẹ́ ẹ ṣubú, mi ò sọ òótọ́, la bá gbé yín bí kò ṣe yẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

Arúgbó náà á fi ọwọ́ pa á lórí. "Ṣé nítorí ìyẹn lo fi ń sunkún? Mo ti dárí jì ọ́, ọmọ mi."

Ìyá Kékeré á nu ojú, á lọ bu omi wá fún un. Bó bá ti gbé omi dé, Ìyá Àgbà á gbé ojú sókè wò ó bí ẹni tí kò rí i rí.

"Ọmọ mi, jọ̀ọ́, kí ló ṣe ẹsẹ̀ mi?"