Òtẹ́ẹ̀lì Tí Babáfẹ́mi Fi Ń Tan Àwọn Ọmọ Lanlate

Ọmọ́tárá ń wá kírẹ́dì fóònù rà ní Lanlate nígbà tó rí fọ́tò tí òun fúnra rẹ̀ yà, tí wọ́n tẹ̀ gàdàgbà sára ògiri ọ́fíìsì kan. Òtẹ́ẹ̀lì funfun ni, tó dúró lórí òkè láàárín ìkùukùu. Màléṣíà ló ti yà á lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn tó ti fẹsẹ̀ gun òkè náà nínú òjò, tó fi ọ̀rá bo kámẹ́rà bí ẹni ń bo ọmọ tuntun. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ gbàgàdà pé: “Ibi Iṣẹ́ Yín Ní Éṣíà. Ọ̀gá Babáfẹ́mi ló yà á.”

Tíṣà ni Ọmọ́tárá ní Èrúwà. Fọ́tò yíyà kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ó kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni. Tí ilé-ìwé bá ti gba ìsinmi, kì í lè jókòó sílé. Bí kò bá sí nínú oko ẹ̀gẹ́ ní Tápà pẹ̀lú kámẹ́rà, á wà ní Fiẹtnámù níbi tí àwọn obìnrin ti ń fi kẹ̀kẹ́ kiri òdòdó. Orí Fesibúùkù ló máa ń gbé àwọn àwòrán náà sí. Àṣé ẹnìkan ń bẹ níbẹ̀ tó ń ṣà wọ́n jí.

Ó wọlé. Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù jókòó sẹ́yìn tábìlì. Ràhmọ̀t, ọmọ Hàlímọ̀ tó ń yan gààrí ládùúgbò Ọmọ́tárá, wà lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú àwọn ọmọbìnrin mìíràn.

“Ẹ káàsán, Àǹtí Tíṣà,” ni Ràhmọ̀t wí, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. “À ń lọ lọ́la o. Òtẹ́ẹ̀lì yẹn la ti máa ṣiṣẹ́. Páásípọ́ọ̀tù wa ti wà lọ́wọ́ ọ̀gá.”

Ọmọ́tárá kọjú sí ọkùnrin náà.

“Ẹ̀yin lẹ ya àwòrán yìí, sà?”

“Èmi Babáfẹ́mi ni.”

“Ta lẹ bá níbẹ̀?”

“Máníjà wọn. Ọ̀rẹ́ mi ni. Kí lẹ̀ ń wádìí gan-an?”

“Kí ló dé tí ẹ gé òkè àwòrán náà kúrò?”

Ẹ̀rín kú lójú Babáfẹ́mi. “Màdámù, ẹ jáde kí n tó tì yín jáde.”

Ọmọ́tárá ò mira. Ó wá odidi àwòrán náà jáde lórí fóònù rẹ̀, ó nà án sí Ràhmọ̀t. Ìsàlẹ̀ ilé náà nìkan ló wà lára ògiri. Lókè, kò sí òrùlé; igi ti hù nínú àwọn yàrá, ọ̀bọ sì tò sórí ògiri tó ti ya.

“Ahoro ni, Ràhmọ̀t. Èmi ni mo yà á. Kò séèyàn níbẹ̀.”

Kí ọmọ náà tó lanu, Babáfẹ́mi ti gbé báàgì dúdú kan, ó ti gba ẹ̀yìn jáde. Wọ́n gbọ́ tí ọ̀kadà kan pariwo lọ.

“Páásípọ́ọ̀tù wa!” Ràhmọ̀t figbe ta.

Ọmọ́tárá fò sórí ọ̀kadà mìíràn. “Ẹ bá mi lé e!” Eruku pupa bò wọ́n lójú. Ó ń fi ọwọ́ kan di ọlọ́kadà mú, ó ń fi ìkejì pe Sájẹ́ńtì Sàláúdéènì, ọlọ́pàá kan tí òun ń kọ́ ọmọ rẹ̀ níwèé, pé kó lọ dènà ní gáráàjì Èrúwà, torí ibẹ̀ ni ẹni tó bá ń sá lọ ti máa wọkọ̀. Ọkọ̀ ẹ̀gẹ́ kan dábùú ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n máa fi gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, wọn ò rí Babáfẹ́mi mọ́. Wọ́n kúkú forí lé gáráàjì.

Ní gáráàjì Èrúwà, bọ́ọ̀sì Ìbàdàn ti ń rìn. Ọmọ́tárá sáré tẹ̀ lé e, ó ń yọjú wo fèrèsé kan tẹ̀ lé òmíràn. Kò sẹ́ni tó wọ kóòtù. Ọkùnrin kan kàn dé fìlà bojú lẹ́yìn, ó di báàgì dúdú mọ́yà. Ọmọ́tárá sáré síwájú, ó dúró gbagidi níwájú ọkọ̀.

“Ṣé ẹ fẹ́ kú ni?” ni dírẹ́bà jágbe.

“Ẹ má lọ! Gbọ́mọgbọ́mọ lẹ gbé!”

Babáfẹ́mi já ilẹ̀kùn, ó bẹ́ sílẹ̀, ó yẹra fún àwọn ọlọ́kọ̀. Ẹnu géètì ni Sàláúdéènì ti fa bẹ́líìtì rẹ̀ mú.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, kò pẹ́ rárá.

“Ibo lò ń kó wọn lọ?” ni Sàláúdéènì bi Babáfẹ́mi.

“Màléṣíà, sà.”

“Tún un sọ!”

“Líbíà, sà. Ẹnìkan ń dúró dè wá ní Kánò.”

“Kí ni wọ́n máa fi wọ́n ṣe?”

“Wọ́n… wọ́n máa tà wọ́n, sà.”

“Fọ́tò tó o jí ńkọ́?”

“Wọn ò ní gbà mí gbọ́ láìsí àwòrán. Àǹtí yìí yà á dáa débi pé èmi gan-an ń wò ó bíi pé mo ti débẹ̀ rí.”

Ọmọ́tárá dìde, ó bọ́ síta. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún ju fọ́tò tí wọ́n jí lọ.

Ràhmọ̀t àti àwọn yòókù ti wà níta, Hàlímọ̀ náà ti dé pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, eérú ààrò ṣì wà lápá rẹ̀. Ó gbá ọmọ rẹ̀ létí, lẹ́yìn náà ló wá dì mọ́ ọn, kò fi í sílẹ̀ mọ́. “Àǹtí Tíṣà, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹ fojú sunkún ọmọ.”

Sàláúdéènì ń pín páásípọ́ọ̀tù padà. Ràhmọ̀t gba tirẹ̀, ó dorí kodò.

“Ìyá mi, ojú ń tì mí. Gbogbo ìlú ni mo ti dágbére fún.”

“Jẹ́ kí wọ́n rí ọ,” ni Hàlímọ̀ wí. Ó fà á lọ́wọ́, ó gba àárín ọjà gan-an, ó ń kí gbogbo ẹni tó bá pàdé.